Odò dà? Ohun tí ojú mi rí ní Burgess Park

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní ká sọ ìrírí wa nípa páàkì tí wọ́n fi owó ìlú tún ṣe. Burgess Park ni tèmi, ní Southwark ní London níbí. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé wa lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, ilẹ̀ gbalasa ni mo rí. Ibì kan ga, ibì kan jìn, iná kò tó. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀ lálẹ́, ṣe ni mo máa ń yí i po. N kò jẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Aládùúgbò wa kan tó ti dàgbà ló là mí lọ́yẹ̀ pé ilé àti ilé iṣẹ́ ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ tí ọkọ̀ fi ń kó ẹrù wọlé. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Láti 1943 ni ètò ìlú ti ní kí ibẹ̀ di páàkì, ni wọ́n bá ń wó ilé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dí odò náà pa. Ní 1973 wọ́n fi orúkọ Jessie Burgess sọ ọ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ Camberwell. Orúkọ dé, ó ku ìtọ́jú.

Ní 2009 wọ́n ní kí ará London dìbò yan páàkì tí wọ́n máa tún ṣe. Burgess wọlé, ó gba mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn. Owó míì kún un títí gbogbo rẹ̀ fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 8. Nígbà tó fi máa di 2012, ọ̀nà ti tẹ́jú, adágún omi ti gbòòrò, àwọn ọmọdé ti ríbi ṣeré. Wọ́n tún fi ibì kan sílẹ̀ nígbà náà fún ẹran sísun. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá débẹ̀ ní Sátidé tí oòrùn mú, òórùn súyà àwọn ará wa ló máa ń kọ́kọ́ pàdé yín.

Ìyá mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Orúnkún ń dùn wọ́n, òkè kẹta la sì ń gbé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ó ká mi lára. Mo bá mú wọn lọ sí páàkì. A dé ìdí afárá irin kan, wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Koríko ni.

“Ìyá Ìbejì, odò dà?”

Mo ní wọ́n ti dí i pa láti bí àádọ́ta ọdún. Wọ́n fọwọ́ pa irin náà lọ pa á bọ̀, wọ́n ní, “Wọ́n wá fi afárá rẹ̀ sílẹ̀ ká lè máa bèèrè. Wọ́n ṣeun.”

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi ń wọn ìrìn wọn. Ọjọ́ kìíní, bẹ́ǹṣì méjì. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ń dé etí adágún, níbi tí ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan ti ń dúró dè wọ́n. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Àwọn méjèèjì á jókòó, á máa wo omi.

Bàbá Adéọlá, Èkó:

Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn rán mi létí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn Òyìnbó kọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di páàkì ní 2010, lọ́dún tí Nàìjíríà pé àádọ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n ṣe ìtàgé sí. Mo mú ọmọ mi débẹ̀, mo sọ fún un. Kò jẹ́ kí n jókòó mọ́, ó ní kí n fi gbogbo ibi tó kù han òun.

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Ẹ ṣeun, sà. Màmá ti padà sí Ọ̀yọ́. Bí a bá ti kíra tán lórí fóònù, ìyá ará Jàmáíkà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Mo bá a níbẹ̀ lánàá, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó sún díẹ̀ kí n lè jókòó.