Kí lẹ jẹ lóko tí ẹnu yín kò tíì gbàgbé?

Àkànní Sùúrùlérè
Wọ́n mú iná lọ lánàá, gáàsì náà tán, ni mo bá pọn omi sí gàrí. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sí oko bàbá àgbà lẹ́yìn Ìkirè. Iṣu sísun. A á fi ọ̀bẹ họ ibi tó jóná, a á da epo pupa sáwo, iyọ̀ díẹ̀, ata gígún. Kò sí ẹran, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹran. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ṣadé
Ọmọ Ìkirè, iṣu lo rántí? Dòdò Ìkirè ńkọ́?

Àkànní Sùúrùlérè
Ẹ̀yin arìnrìn-àjò lẹ ń ra ìyẹn lójú títì.

Ìyá Ìbejì Múṣin
Èmi ò lọ sóko o, oko ló wá bá mi ní Múṣin. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, ìyá ọkọ mi ti Ìsẹ́yìn wá. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n rí i tí mo da ewédú sínú bílẹ́ńdà. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wá bàtà wọn, ó di ọjà Ojúwoyè. Mo rò pé inú ń bí wọn ni, mo ti ń pe ọkọ mi lórí fóònù. Wọ́n fi ìjábẹ̀ dé, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó ti ìkòkò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jábẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹnu kọrin fún àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo tọ́ ewédú yẹn wò, ojú tì mí. Ọdún mẹ́ta rèé, bílẹ́ńdà mi ò fojú kan ewédú mọ́. Ata nìkan ló wà fún.

Débọ̀ Yábàá
Ìjábẹ̀ o, bílẹ́ńdà o, ọ̀kan náà ni. Ẹnu ò lè mọ ìyàtọ̀.

Ìyá Ìbejì Múṣin
Débọ̀, ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ?

Débọ̀ Yábàá
Ìyá olóúnjẹ àdúgbò wa ni, mà.

Ìyá Ìbejì Múṣin
Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará.

Ṣadé
😂😂

Àdùkẹ́ Ẹ̀bútè Mẹ́ta
Tèmi kì í ṣe ọbẹ̀. Àgbáyun ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó la ti ń lo ọlidé. A á ju èso pupa kékeré yẹn sẹ́nu, a á máa yí i kiri títí ara rẹ̀ á fi tán, a á tu kóró rẹ̀ dànù. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bá mu lẹ́yìn rẹ̀, oyin! Bùọ̀dá mi mu ògì kíkan láìsí ṣúgà, ó ní ta ló da ṣúgà tó báyìí sí i.

Débọ̀ Yábàá
Ọ̀rọ̀ ti di òògùn.

Alágbàṣe Kétu
Òògùn kọ́, bí àgbáyun ṣe rí nìyẹn. Tó bá yá, ẹnu á ṣí, wàá mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ lò ń mu. Kì í pẹ́ bàjẹ́ ni, ta ni yóò rù ú dé Mile 12?

Bàbá Rẹ̀mí Agége
Adùn, adùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀fọn. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan lóko lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹta ni mo ti ń wá fáànù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ dákun, ẹ̀yin ará oko. Èkó ni wọ́n bí bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá tiwọn náà. Àwa ò ní oko tí a ń lọ ṣọdún. Frejon ìyá mi ni tèmi, lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó rọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n da omi àgbọn sí. Àwa ọmọdé la máa ń ha àgbọn, ìdajì ẹ̀ kì í dénú ìkòkò.

Débọ̀ Yábàá
Ẹ̀wà alágbọn? Ó tì o.

Alágbàṣe Kétu
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ló ní ẹ ò ní oko? Ìga Ìdúngànrán tí ọba yín ń gbé, ṣé kì í ṣe oko ata Olóyè Arómirẹ́ ni láyé àtijọ́?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ìyẹn, o gbá mi mú. Bí wọ́n ṣe pìtàn ẹ̀ fún wa náà nìyẹn.

Kúnlé
Àwọn Bìní ní ibùdó ogun ni Èkó túmọ̀ sí lédè tiwọn.

Bàbá Rẹ̀mí Agége
Kúnlé, iṣu sísun là ń sọ níbí. Má dájà sílẹ̀.

Débọ̀ Yábàá
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni wọ́n ń ta ìjábẹ̀ l'Ójúwoyè?

Ìyá Ìbejì Múṣin
Lọ bi ìyá olóúnjẹ ẹ.