Àbọ̀ ìrìn Èkó pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn

Ẹ kú àdúrótì o. Mo bi yín níjọ́sí pé kí ni mo lè fi wákàtí díẹ̀ ṣe l'Ékòó pẹ̀lú ọmọ mi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọ̀dọ́langba tó ń tẹ fóònù ṣáá, kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó gbéra. A ti délé.

Ẹni tó ní ká wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù (Blue Line), ẹ ṣeun gan-an. Láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13 péré ni. Káàdì Cowry, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ l'Ékòó, la fi wọlé. Nígbà tó gun orí omi kó tó dé Marina, gbogbo wọn pa géèmù tì, fídíò ni wọ́n ń ká. Ọmọ tó jẹ́ pé òkè ló ń rí lójoojúmọ́, ẹ má bá a wí.

Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan ni mo bẹ̀rù jù pé ó máa sú wọn. Àṣé ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Múrítàlá Mùhámmẹ́dù sí ní 1976 ló máa dá wọn dúró! Wọ́n ń ka ihò ọta. Wọ́n ní kí ló dé tí olórí ìjọba ń rìn láìsí ẹ̀ṣọ́. Ìbéèrè pọ̀ ju ìdáhùn mi lọ.

Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ yẹn, a kàn mu nǹkan tútù níbẹ̀ ni. Mi ò dé ọgbà igbó Lekki (Lekki Conservation Centre) tí ọ̀pọ̀ yín dárúkọ. Afárá orí igi ibẹ̀ tó gùn tó mítà 401 wù mí, àmọ́ gò-sìló lè jẹ́ kí ọkọ̀ fi wá sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ nípa káàdì, kó bi mí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ parí.