Ìdáhùn rèé: ohun tó ń mú ewé tábà mi rọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ rántí tábà ẹ̀yìn ilé wa ní Ìpájà tí mo bèèrè nípa rẹ̀, tí ewé rẹ̀ ń rọ láì tíì pọ́n, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù dáadáa?

Ẹni tó ní kí n gé igi rẹ̀ nítòsí gbòǹgbò, kí n kì í bọ gíláàsì omi, ló tú àṣírí. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bí omi ògì fi ń ṣàn jáde. Bakitéríà (kòkòrò àìfojúrí) tí wọ́n ń pè ní Ralstonia solanacearum ni. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ojú ọgbẹ́ gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á wá dí ọ̀nà omi. Kò sí oògùn tó lè wo èyí tó bá ti mú. Ó ń pa tòmátì àti ata náà, tòmátì sì ni àwọn tó gbé ilé yìí ṣáájú ń gbìn síbẹ̀.

Eérú tí a dà sílẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, torí ó ń dín ekan ilẹ̀ kù. Ekan ilẹ̀ náà pọ̀ jù fún tábà, tó fẹ́ pH (òṣùwọ̀n ekan ilẹ̀; bó bá ṣe kéré tó ni ekan ṣe pọ̀ tó) bíi 5.5 sí 6.5. Ewé tuntun fẹ̀ sí i, àmọ́ gbogbo èyí tó ti rọ ló kú.

Èyí tó ṣiṣẹ́ gan-an: mo hú àwọn aláìsàn, mo sun wọ́n, mo sì gbin òmíràn sórí ebè gíga níbi tí àgbàdo nìkan ti wà rí. Ọwọ́ ni mo fi ń tu koríko ìdí wọn, kí ọkọ́ má baà ṣá gbòǹgbò. Wọ́n dúró ṣinṣin.

Bakitéríà yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà àgbàdo ni mo gbìn sí ojú ibi àtijọ́. Ẹ ṣeun gan-an.