"Funny turn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: èdè àwọn arúgbó òyìnbó fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ care

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ care, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú, ní ilé àwọn arúgbó ní UK, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé nìkan ló gbọ́, èwo nínú èdè àdúgbò wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀?

Ìyá Ìbejì, Derby: Káàbọ̀, àbúrò. Bí ìyá àgbà bá ní òun fẹ́ "spend a penny", má wá pọ́ọ̀sì kiri. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Láyé àtijọ́, pẹ́nì kan ni wọ́n ń sọ sínú ihò ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta kó tó ṣí. Ẹni tó bá dúró bi í ní ohun tó fẹ́ rà, òun náà ló máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. "Waterworks" náà, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. "The trots" ni ìgbẹ́ gbuuru. "Bunged up" lè jẹ́ imú tó dí, ó sì lè jẹ́ pé kò rí ìgbẹ́ yà, torí náà béèrè kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Èyí tó léwu jù ni "I had a funny turn". Òòyì ló kọ́ ọ, tàbí ó rẹ̀ ẹ́ wọ̀ lójijì, ó sì lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke). Wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ní kó sọ̀rọ̀, kó o gbọ́ bóyá ahọ́n rẹ̀ ń lọ́. Bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀, pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá ti padà bọ̀ sípò. Kọ aago tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni kó o kọ, má túmọ̀ ẹ̀.

Ní àríwá England níbí, "tea" ni oúnjẹ alẹ́. Bàbá tó ní òun ò tíì jẹ "tea", ebi ló ń pa á. Bó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ tó ń gba insulin, tó o wá kọ ọ́ pé ó ti mu tíì, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ á rò pé ó ti jẹun. "Half seven" ò le: aago méje ààbọ̀ náà ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: "Duck" (pẹ́pẹ́yẹ) tí wọ́n ń pe èèyàn ńkọ́? Ṣé èébú ni?

Ìyá Ìbejì, Derby: Rárá o, ìkẹ́ ni lọ́dọ̀ wa níbí àti ní Nottingham. Ní Newcastle, "pet" ni. Ní Glasgow wọ́n á pe obìnrin ní "hen", adìẹ gbáko! Ìwọ má pè wọ́n padà bẹ́ẹ̀. Béèrè orúkọ tó fẹ́ kó o máa pe òun. "Mama" tí àwa fi ń bọ̀wọ̀ fágbà, inú ẹlòmíì ò dùn sí i.

Bọ̀dá Houston: Ẹ ṣọ́ "pissed" o. Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, inú ló ń bí i. Lọ́dọ̀ yín, ó ti mutí yó.

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Ẹ ṣé, bọ̀dá. "You alright?" kò ju "ṣé dáadáa ni?" lọ, "yeah, you?" ti tó, má ka àìsàn sí i létí. Ṣùgbọ́n tí arúgbó bá ní "mustn't grumble" (mi ò gbọ́dọ̀ ráhùn), má gbà á gbọ́. Béèrè ibi tó ń dùn ún, kó fi 0 sí 10 wọ̀n ọ́n, kó o sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dìde lórí àga.