Groom of the Stool: ìtẹ́ kọ́, àga ìkọ̀kọ̀ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Láti ìgbà tí mo ti béèrè ohun tí a lè máa pe Groom of the Stool ní Yorùbá, ìyẹn oyè ẹni tó ń dúró ti ọba Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ bó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, àbá mẹ́ta ló ti wọlé. Bàbá wa kan ní ká pè é ní Olùtọ́jú Ìtẹ́ Ọba. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìlọrin ní Ìwẹ̀fà Àgbà ló yẹ ẹ́. Àbúrò kan ní Agbépòó Ọba ni, kò sì fi ṣe àwàdà. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kankan nínú wọn kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó bí ìbéèrè mi ni pé àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá ní ọjọọjọ́ Sátidé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ wo ààfin Hampton Court. Wọ́n rí àga kan níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ àrán pupa bò, ó rí bí àpótí, ihò wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní Yorùbá. Ọmọ kan fi fóònù túmọ̀ orúkọ oyè ẹni tó máa ń tọ́jú irú àga bẹ́ẹ̀, ohun tó gbé jáde ni "ọkọ ìyàwó àga". Ọmọ náà wá ń bi mí pé ta wá ni ìyàwó.

Groom kọ́kọ́ rọrùn láti tú. Ọkọ ìyàwó kọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọmọkùnrin tàbí ìránṣẹ́ ilé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Brydguma ni wọ́n ń pe ẹni tó ń gbéyàwó láyé ìgbà kan, guma sì ni ọkùnrin. Nígbà tí guma kú lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí wọn kò mọ ohun tó jẹ́ mọ́, wọ́n fi groom rọ́pò rẹ̀ torí pé ohùn wọn jọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì máa tó ṣe irú rẹ̀ sí oyè yìí gan-an.

Stool ló ni wàhálà. Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: mo mọ ibi tí ìtẹ́ ti wá. Ìwé ìròyìn wa ní Nàìjíríà kì í yé kọ ọ́ pé ìdílé méjì ń du stool, orí oyè ni wọ́n ń sọ. Èdè àwọn amúnisìn ni. Ó bá àwọn Asante ní Gánà mu dáadáa, torí pé àga gan-an ni àmì ọba lọ́dọ̀ tiwọn. Gómìnà òyìnbó tó ní kí wọ́n gbé Àga Wúrà wá kí òun jókòó lé e ní 1900, ogun ló fi dá sílẹ̀. Ní ti àwa, ìtẹ́ àti àpèrè la ní. Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ Bàbá tilẹ̀ ju èyí tí àwọn fúnra wọn sọ lọ, nítorí pé ní Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì, stōl lè jẹ́ ìtẹ́, cynestōl sì ni ìtẹ́ ọba. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ìlú ní 1066, tí Faransé gbé chair wọlé, chair gba ipò iyì, stool bọ́ sílẹ̀ di àpótí tí ènìyàn ń jókòó lé nídìí ààrò. Láti ibẹ̀ ó di àga tí a ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lórí rẹ̀, níkẹyìn ó di ìgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí dókítà bá ti fún ní ìwé pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò stool mọ èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìwé ìròyìn fi ń pe orí oyè, ilé ìwòsàn fi ń pe ìgbẹ́. Ti ilé ìwòsàn ni oyè yìí bá tan.

Hugh Denys ló jẹ oyè yìí láyé Henry Keje, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ náà ni owó àpò ọba wà. Láyé Henry Kẹjọ, ènìyàn mẹ́rin ló jẹ ẹ́: William Compton láti 1509, Henry Norris láti 1526, Thomas Heneage láti 1536, àti Anthony Denny ní 1546. Aṣọ àwọn ọba ìgbà náà, okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ra wọn, òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ènìyàn kò lè dá a tú wẹ́rẹ́. Ẹni tó jẹ oyè yìí ló ń dúró ti ọba bó bá fẹ́ lọ, ló ń pèsè omi àti aṣọ ìnura, òun ló sì mọ̀ bí inú ọba ṣe ń ṣiṣẹ́.

Níbi tí àwọn ìjòyè ńláńlá gbọ́dọ̀ dúró sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun á wọlé. Nígbà tí Kádínà Wolsey, olórí ìjòyè Henry Kẹjọ, kọ òfin ilé ọba ní Eltham ní oṣù Kìíní 1526, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Norris ni kó rọ́pò Compton nídìí àga náà, àti nínú yẹ̀wù tí ọba ń sùn, àti ní ibi ìkọ̀kọ̀ mìíràn tó bá wu ọba. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ọba pè wọ́n. Ẹni tó bá ń wá ojúure ọba, ọ̀dọ̀ ẹni yìí ló máa gbà kọjá. Nígbà tí àìsàn ti mú Henry tí kò lè fọwọ́ sí ìwé mọ́, Denny wà lára àwọn tí òǹtẹ̀ ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà níkàáwọ́ wọn. Ìsúnmọ́ yẹn kan náà ló sì pa Norris: wọ́n ní ó bá Anne Boleyn, ìyàwó ọba, ṣe àgbèrè, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1536.

Àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí Agbépòó kò fi lè ṣe é. Àwọn agbépòó tí àwọn òbí wa mọ̀ ní Èkó, òru ni wọ́n ń wá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, kò sí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun bá ọba sọ̀rọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbígbé ni orúkọ tìwọn ń sọ, dídúró ti ọba ni oyè yìí dá lé.

Àbá ẹ̀gbọ́n mi ló sún mọ́ ọn jù, ó sì dùn mí pé mi ò lè gbà á. Òsì Ìwẹ̀fà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń wọ yàrá Aláàfin bó bá ṣe fẹ́, ó sì ń dúró bí ọba níbi tí ọba kò bá lè dé. Bí a bá ń wá ẹni tó jọ Norris nínú ààfin tiwa, òun ni. Àmọ́ ìwẹ̀fà, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ni, ohun tí gbogbo Yorùbá ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Compton gbéyàwó, Denny bímọ rẹpẹtẹ, ọmọ Norris di olóyè lábẹ́ Elizabeth Kìíní. Bí mo bá kọ ìwẹ̀fà síwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí, irọ́ ni mo kọ́ wọn. Ẹ tún wo bí ẹ̀sùn tí wọ́n fi pa Norris ṣe máa rí bí a bá pè é ní ìwẹ̀fà.

Ọ̀yọ́ kan náà ni mo ti rí ọ̀nà. Ẹ wo Olókùn-ẹṣin. Ẹni ńlá ni, ó ń jẹ nínú ọlá Aláàfin, bí ọba bá sì wàjà, òun náà á tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ kí ni oyè rẹ̀ ń sọ? Okùn. Okùn tí wọ́n fi ń fa ẹṣin. Kò sí ará Ọ̀yọ́ tó sọ pé okùn kéré jù, ká fi nǹkan tó níyì jù bẹ́ẹ̀ pè é. Àwọn tó sọ orúkọ yẹn mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn lójú ọba ni agbára rẹ̀. Nítorí náà mi ò fẹ́ ká bo àga yìí mọ́lẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni mo fi kún un, kí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe é sọ lójú àgbà, kó sì bá privy tiwọn mu, èyí tó túmọ̀ sí ìkọ̀kọ̀. Alága-ìkọ̀kọ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n alága ti di ti ìpàdé, wọn á rò pé ẹgbẹ́ awo ló ń darí. Ohun tí mo wá dá lábàá ni Adúrótàga: ẹni tó ń dúró ti àga. A ti ní adúrótini, etí kò ní kọ̀ ọ́. Bí a bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ká kọ ọ́ tán pátá, Adúrótàga Ìkọ̀kọ̀ Ọba. Lẹ́yìn ìyẹn, Adúrótàga tó.

Ó ku Stole. Láti ọ̀rúndún 17 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ oyè náà ní Groom of the Stole, stole sì ni aṣọ gígùn tí wọ́n ń ta sí èjìká. Ohun tí wọ́n ṣe sí guma náà ni wọ́n tún ṣe: ohùn jọra, ìtumọ̀ àtijọ́ ń tini lójú, wọ́n bá mú aṣọ. Sarah Churchill, ìyàwó Duke of Marlborough, ló jẹ ẹ́ fún Ọbabìnrin Anne láti 1702. Kọ́kọ́rọ́ wúrà ni àmì oyè rẹ̀, òun náà ni Anne sì gbà padà ní oṣù Kìíní 1711 nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn dàrú. Victoria kò yan ẹnikẹ́ni sí i fún ara rẹ̀ ní 1837, Edward Keje sì fòpin sí i ní 1901. Fún Sarah àtàwọn tó tẹ̀ lé e, mo gbà ká kọ Olùtọ́jú Ìborùn Ọba, nítorí pé ohun tí wọ́n gbà pé àwọn ń jẹ nìyẹn. Ká má fi pe Norris.

Mo ti gbé Adúrótàga wò nínú gbólóhùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1539, Heneage kọ̀wé sí Thomas Cromwell, olórí ìjòyè ọba nígbà náà, nípa òògùn ìyàgbẹ́ tí ọba lò, ó ní ó ṣiṣẹ́, ọba sì ní siege tó dára. Siege yẹn, ìjókòó ló jẹ́ ní Faransé. Èyí ni mo kọ fún àwọn ọmọ náà: "Adúrótàga kọ̀wé pé Kábíyèsí sùn títí di aago méjì òru, wọ́n dìde lọ sórí àga, ìjókòó wọn sì yọrí dáadáa." Ẹ bá mi wò ó bóyá yọrí gbé e.