Owó Oògùn, Owó Ọbẹ̀: Ìrírí Àwa Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Lórí Adójútòfò Ìlera àti Oúnjẹ

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa gírátúítì àti owó ìfẹ̀yìntì, n kò sì ní àfikún sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ ìrírí mi lé lórí ni nǹkan méjì tí a kì í sábà so pọ̀, ìyẹn káàdì ìtọ́jú ìlera àti ìkòkò ọbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti rí i pé àpò kan náà ni àwọn méjèèjì ń ná, bí a kò bá sì rí ètò tí yóò bá wa gbé owó oògùn, inú owó ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni a ó ti máa yọ ọ́.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, n kì í ronú nípa ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní NHIS. Òfin tó gbé e kalẹ̀ ti wà láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Káàdì náà bo èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bí ara bá ṣe wá bákan, a ó lọ sí ilé ìwòsàn tí a yàn, a ó rí dókítà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye owó oògùn ni a ó sì san nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń pín in. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń gba oògùn lóṣooṣù, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ iye tí wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà sí mi pé káàdì náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ló tẹ nọ́ńbà mi, ó tún un tẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ yín kò sí lórí àkọsílẹ̀ mọ́." Ẹjọ́ tirẹ̀ kọ́. Owó oṣù ni ètò náà rọ̀ mọ́, ibi tí owó oṣù pin sí ni òun náà pin sí. (Àwọn tó ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún wa, tí wọ́n fún wa ní aago ògiri, ì bá ti dára kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo yìí kún ọ̀rọ̀ wọn.)

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn níta nìyẹn. Ìyàwó mi kò bá mi jiyàn lórí iye rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó dín ohun tó ń rà lọ́jà Ìpàta kù. Ẹran ló kọ́kọ́ kúrò, ẹja tí wọ́n ń kó wá láti Jẹ́bà tẹ̀lé e, èso sì di ohun tí a ń rí bí àlejò bá mú un wá. Bí ohun tí a fi ń jẹ àmàlà àti tùwó ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àmàlà àti tùwó fúnra wọn ń pọ̀ sí i nínú àwo, nítorí pé ikùn gbọ́dọ̀ yó. Ẹni tó bá rí wa yóò sọ pé a sanra, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí mo bá fẹ́ dìde lórí ìjókòó. Dókítà kan ló là á yé mi pé bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, iṣan ara a máa joro, àti pé àgbàlagbà nílò ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ju bí ó ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé oúnjẹ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni irú ìwọ̀nyí, pé àgbà kì í jẹ ẹran púpọ̀. N kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ NHIS di NHIA. Òfin náà sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ka àwọn àgbàlagbà mọ́ àwọn tó yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ wa ti yanjú. Lójú ayé, ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ béèrè, kò sí ẹni tí yóò wá a wálé. Ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Kwara ni mo gbà lọ, mo san owó ọdún kan fún èmi àti ìyàwó mi. Ẹ mú nọ́ńbà NIN yín dání. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi àkójọ ohun tí ètò náà bò àti ohun tí kò bò hàn yín, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn bá sanwó náà ni. Ó ní ìdí: bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ni yóò dúró títí àìsàn yóò fi dé kí a tó lọ forúkọ sílẹ̀.

Ibi tí mo ti lo àkókò jù ni yíyan ilé ìwòsàn. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn ní àwọn ilé ìwòsàn tí mo ní lọ́kàn, mo ń wo iye àwọn tó ń jáde pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́ àti iye àwọn tó ń jáde pẹ̀lú bébà pé kí wọ́n lọ rà á níta. Ilé tó rẹwà jù lọ nínú wọn ni bébà ti pọ̀ jù. Mo yan èyí tí kò rẹwà, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ kì í tán níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn, wọ́n á kọ ìwé ìtọ́ka, wọ́n á sì gba kóòdù ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ ètò adójútòfò náà kí èèyàn tó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin. Àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ẹ má ṣe lọ tààrà láìgba ìwé yìí, torí pé gbogbo owó náà lè já lé yín lórí.

Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó san ti ọdún kan, kí ó béèrè nípa ètò àwọn aláìní ní ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé ti wọ́ọ̀dù rẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014 yọ owó kan sọ́tọ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò ìjọba àpapọ̀, ìdajì rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà adójútòfò ìlera lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ mú mi rántí ọ̀rọ̀ kan tó kan ìlú wa gan-an. Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera aráàlú ní Shonga, wọ́n sì gbé e dé Àfọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà lọ́dún 2009. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera Hygeia ló ń darí rẹ̀ nígbà náà, owó ìrànwọ́ ń wá láti orílẹ̀-èdè Netherlands àti ìjọba ìpínlẹ̀ wa, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ń san, wọ́n sì tún àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà ṣe. Àwọn olùwádìí wọn ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Àfọ̀n, wọ́n sì wọn ti àwa ará Àjàṣẹ́-Ìpo tí ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n lè fi wéra. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014, ìfúnpá ti òkè, ìyẹn nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú méjì tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá wọn ìfúnpá, fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ ní Àfọ̀n. Tiwa fi nǹkan bí 5 wálẹ̀. Mo rò pé tiwa wálẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò ní ṣàì ṣe nǹkan kan sí i, ì báà ṣe iyọ̀ nìkan ni yóò dín kù.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gírámù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, tí ohun tó wà nínú kúùbù amọ́bẹ̀dùn àti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. Ahọ́n àgbà kì í sì í gbọ́ adùn dáadáa mọ́. Ọkọ mi, tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa sọ pé ọbẹ̀ mi ti tẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ wa tó bá wa jẹun yóò ní iyọ̀ rẹ̀ tó. N kò bá a jà. Irú ni mo fi kún ọbẹ̀, tí mo sì ń fi àlùbọ́sà, ata àti ẹfinrin ràn án lọ́wọ́, mo gbé kúùbù kúrò nílé ìdáná pátápátá. Ẹ ṣọ́ irú tí ẹ ń rà o, nítorí pé àwọn kan ti da iyọ̀ sí i kí ó lè pẹ́. Mo máa ń tọ́ ọ wò lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ ọkọ mi kọ́kọ́ fara hàn, gbogbo àdúgbò ló di dókítà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan ni kó máa jẹ, wọ́n ní, àti àmàlà, torí pé àmàlà kò ní ṣúgà. Irọ́ ni. Àmàlà náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iyán àti ẹ̀bà, bí ó ti pọ̀ tó nínú àwo ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a kọ́ wa ní ilé ìwòsàn rọrùn: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí òkèlè má ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwo lọ, kí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹran gba ìyókù. Ọmọ Ìgbómìnà ni ọkọ mi, iyán ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ lè fojú inú wo bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ti rí. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ má bínú sí mi, ànàmọ́ yín náà wà lára òkèlè, kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ẹ̀fọ́ kò wọ́n wa. Gúre, yánrin àti tẹ̀tẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ewédú wà lọ́jà, mo sì ti rí i pé gbẹ̀gìrì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ẹran dé ìwọ̀n tó dára, pàápàá fún ẹni tí eyín rẹ̀ kò mú ẹran mọ́. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri wúlò fún egungun àti iṣan, ṣùgbọ́n mo máa ń tún un sè kí a tó jẹ ẹ́, bí mo bá sì ń fi sínú ọbẹ̀ n kì í dín in.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì, Òmù-Àrán

Díẹ̀ ni tèmi. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti bítà, kí ẹ sì gbé e lọ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ rí dókítà. Ní gbogbo àkókò tí mo fi ṣiṣẹ́, ọ̀rá yìí máa ń sọ ohun tí ẹnu aláìsàn kò sọ. Mo ti rí oògùn kan náà lábẹ́ orúkọ méjì nínú ọ̀rá ẹnì kan ṣoṣo, ó sì ń lo méjèèjì.

Ẹni tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 rẹ̀ wò, torí pé oògùn náà lè dín in kù; ara tó ń ta yìnrìn-yìnrìn lẹ́sẹ̀ lè wá láti ibẹ̀, kì í ṣe láti inú àtọ̀gbẹ nìkan. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti ń rí B12, èyí jẹ́ ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí a yọ wọ́n kúrò nínú ọbẹ̀ àgbà. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá ń wú lẹ́yìn tí wọ́n fún yín ní amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà sọ fún wọn, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa kò gbọ́dọ̀ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ púpọ̀ láìbi dókítà, torí ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn lóore lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Mo sì fẹ́ fi èyí kún un fún àwọn Mùsùlùmí wa ní Ìlọrin àti ní ọ̀dọ̀ wa níbí. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú Rámádánì, nígbà tí káàdì yín ṣì ń bò ó, kí wọ́n lè bá yín tún àkókò àti ìwọ̀n oògùn ṣe. Bí dókítà bá ní kí ẹ gbààwẹ̀, ẹ má fi sààrì sílẹ̀, kí ẹ̀wà tàbí ẹyin wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì mu omi dáadáa láti ìṣínu títí di sààrì, nítorí pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ tí ara ń gbọ̀n tí òógùn sì bò yín, ẹ ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí dókítà bá sì ní kí ẹ má gbà á rárá, ẹ bá àáfà yín sọ̀rọ̀ nípa bíbọ́ tálákà dípò rẹ̀.