Ta ló ń pa ẹja inú táǹkì: ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àbí omi?

Olómi Tútù: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Táǹkì lítà 120 nìyí, ó pé ọ̀sẹ̀ 3. Ohun tó wà níbẹ̀: tiger barb 5, angelfish 2, gourami 1, corydoras 4. Láàárín ọjọ́ 9, angelfish 1 àti corydoras 2 ti kú. Angelfish náà kò ní ojú mọ́, ìrù rẹ̀ sì ti já. Kò sí àpá kankan lára àwọn corydoras. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Bàbá Àpótí: Tiger barb 5 kéré jù. Ẹja agbo ni. Tí wọ́n bá pé 8 sókè, ara wọn ni wọ́n máa ń lé kiri. Tí wọn ò bá pé, ẹlòmíì ni wọ́n máa kọjú ìjà sí, ẹni tí lẹbẹ rẹ̀ gùn ló sì máa jẹ palaba ìyà: angelfish, betta, gourami. Ẹ wo okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 2 tó wà lábẹ́ àyà gourami yẹn. Tí ọ̀kan bá ti kúrú ju èkejì lọ, ẹ ti mọ ẹni tó gé e.

Ìyá Guppy: Ojú tí kò sí kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n pa á. Ẹja tó bá kú lóru, ojú àti ikùn ni ìgbín àtàwọn ẹja ìsàlẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹ, torí ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òkú á ti dà bíi pé ogun jà á.

Bàbá Àpótí: Mo gbà lórí ti ojú. Ti ìrù ńkọ́?

Ìyá Guppy: Ẹ wo etí ibi tó ti já. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹja ló gé e, etí ibẹ̀ á mọ́, bíi bébà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Tó bá jẹ́ àrùn ni, etí ibẹ̀ á funfun tàbí kó pọ́n, á sì máa jẹrà wọ inú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òkú kí ẹ tó wò ó. Èyí tí wọ́n ń lé á fara pamọ́ sígun táǹkì, nítòsí ojú omi, kò sì ní sún mọ́ oúnjẹ.

Ọmọ Odò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti Ìyá Guppy ń ṣẹjọ́ ìrù, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 3 péré ni táǹkì yìí pé! Corydoras 2 kú láìsí àpá. Barb kì í sábà pa ẹja láìfi àpá sí i lára.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà. Bakitéríà kan ló ń sọ amóníà di nitrite, òmíràn ló ń sọ nitrite di nitrate tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú fóòmù fílítà ni púpọ̀ wọn ń gbé, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ 3 ni nitrite sábà máa ń ga gan-an. Ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹja á máa mí gúlegúle nínú omi tí afẹ́fẹ́ kún. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Tí ẹran pupa tó fi ń mí bá ti di àwọ̀ kọfí, nitrite ni. Èyí tó ti sun inú omi mọ́jú kò ṣeé fi ṣẹ̀rí, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣí.

Kí ni ìyẹ̀wò omi sọ?

Afínjú: Ṣé ẹnikẹ́ni fín oògùn kòkòrò nínú yàrá náà? Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ń fà á wọnú omi tààrà.

Ẹlẹ́wé: Ó lè jẹ́ omi ẹ̀rọ. Ẹ máa gbé omi kalẹ̀ fún wákàtí 24, chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀ á lọ.

Ọmọ Odò: Chlorine á lọ. Chloramine, ìyẹn chlorine tí wọ́n pò mọ́ amóníà, kò ní lọ.

Ẹlẹ́wé: Àìmọye èèyàn ló ń gbé omi kalẹ̀ báyẹn, ẹja wọn kò kú.

Ọmọ Odò: Torí chlorine nìkan ló wà nínú omi tiwọn ni. Ẹ bi àwọn tó ń pọn omi àdúgbò yín léèrè èyí tí wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ chloramine, oògùn tó ń pa chlorine ló kù, kẹ́ ẹ sì wá irú èyí tó ń di amóníà mú pẹ̀lú, torí amóníà ló máa ṣẹ́kù tí chloramine bá tú ká.

Ẹlẹ́wé: Ó yé mi. Màá bi wọ́n.

Olómi Tútù: Ìyẹ̀wò nìyí: amóníà 0.5, nitrite 2, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 8.2, omi wà ní 27°C. Ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n fọ fóòmù fílítà lábẹ́ ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ 10 sẹ́yìn, ó mọ́ tónítóní.

Ìyá Guppy: Háà! Fóòmù yẹn kò gbọdọ̀ mọ́ tónítóní. Inú bókẹ́ẹ̀tì omi táǹkì ni kẹ́ ẹ ti máa fún un ní ìgbà 2 tàbí 3, kẹ́ ẹ dá a padà.

Ọmọ Odò: Ọjọ́ 10 sẹ́yìn, ikú láàárín ọjọ́ 9. pH náà tún dá kún un. Ní pH 7, amóníà tó jẹ́ májèlé gan-an kò pé ìdá 1 nínú 100. Ní 8.2 pẹ̀lú ooru yẹn, ó sún mọ́ ìdá 10.

Lónìí, ẹ pààrọ̀ omi lítà 50, kí ooru rẹ̀ bá ti táǹkì mu. Lọ́la, lítà 40. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ 2. Iyọ̀ lásán, gíráàmù 1 fún lítà 1, máa ń dínà mọ́ nitrite. Ẹ yọ́ ọ sínú omi lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ dà á sí i ní ìgbà 3 láàárín ọjọ́ kan torí àwọn corydoras, iyọ̀ òjijì lè ni wọ́n lára. Ẹ máa yẹ omi wò ní àràárọ̀ títí amóníà àti nitrite á fi di 0.

Bàbá Àpótí: Mo gbà pé omi ló pa àwọn corydoras. Barb ṣì jẹ̀bi ìrù yẹn o. Ẹ má ra 3 kún wọn báyìí, ó di ìgbà tí omi bá dára. Ẹ wá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, tó ń lé àwọn yòókù nídìí oúnjẹ, kẹ́ ẹ fi í sínú apẹ̀rẹ̀ oníhò tó léfòó nínú táǹkì náà fún ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ tún òkúta àti igi inú rẹ̀ tò kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀. Ilẹ̀ tó ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní sí mọ́.

Ìyá Guppy: Kẹ́ ẹ má sì fi angelfish míì sí i. Òun àti barb kì í gbé pọ̀ dáadáa, bó ti wù kí omi mọ́ tó.

Olómi Tútù: Ẹ ṣé gan-an. Lítà 50 ti jáde. Gourami ti wà lẹ́yìn hítà lókè láti àárọ̀. Ṣé òun ni kí n fi sínú apẹ̀rẹ̀, àbí barb?

Bàbá Àpótí: Barb ni.

Ọmọ Odò: Gourami máa ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn nìkan kò burú. Ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá ń yára ṣí yára pa, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ pààrọ̀ lítà 40 yẹn lálẹ́ yìí.